Àfòpiná Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Ìwé ìṣirò Pẹ́ńpẹ́ ọmọ mi ni mo ń kọ èyí sí. Wọ́n ti lé e nílé ìwé, ìwé náà ò sì níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe.

Òjò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Mo ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbáǹkì, oníbàárà mi kan, lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà, aago mẹ́wàá kò tíì lù. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé kọ ọ́ pé àrùn ara tó ń ràn ń ṣe é, kó má padà wá títí a ó fi mú ìwé wá látọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ pé kò lè ràn mọ́. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé orí ìlà ni ó ti pè é jáde láàárọ̀, lójú gbogbo ọmọ, tó ní kí wọ́n wo apá rẹ̀, pé ohun tí ìdọ̀tí máa ń fà nìyẹn. Ìdọ̀tí! Ọmọ alágbàfọ̀! Èmi tí mò ń fọ bùláòsì ọ̀gá náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún mẹ́ta!

Pẹ́ńpẹ́ ò sunkún. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń họ ọrùn. Ó ní, "Màámi, ṣé mò ń rùn ni?"

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kọ́là oníbáǹkì. Díẹ̀ ló kù kó jó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ọsibítù. A jókòó láti aago méje títí di aago kan. Dókítà wo apá ọmọ náà fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ka ṣẹ́ńjì, ó ní kúrúnà ni. Ó kọ oògùn ìpara fún wa, ó ní kí n máa se gbogbo aṣọ ilé nínú omi gbígbóná. Mo ní, "Dókítà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn." Kò rẹ́rìn-ín. Oògùn náà wọ́n ju páálí ọṣẹ kan lọ.

Ohun kan ṣoṣo tó ń lọ déédéé nílé yìí ni gílóòbù ńlá tí mo rà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo máa ń fi í sílẹ̀ ní títàn di àárọ̀, ooru rẹ̀ sì ń gbẹ aṣọ tí oòrùn kọ̀ láti gbẹ. Bàbá Pẹ́ńpẹ́ ní owó iná ni mo fi ń sáṣọ. Mo ní kó lọ bá mi bẹ oòrùn. Òjò ti lé òun náà kúrò nídìí iṣẹ́ bíríkìlà láti oṣù tó kọjá, nítorí náà aṣọ tí mò ń fọ̀ ni gbogbo wa ń jẹ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Oògùn náà ò ṣe nǹkan kan. Ọrùn, èjìká, apá, ibi tí aṣọ ti ń kan ara gan-an ló sú sí. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti wú.

Ìyá Onílé sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó ń ha ẹ̀yìn mọ́ òpó bí ewúrẹ́. Ó ti mú òun náà.

"Ìyá Pẹ́ńpẹ́, mi ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n àgbà ti dé sí mi, ara mi ò gba kúrúnà mọ́. Tí nǹkan yìí ò bá tíì lọ nígbà tí oṣù yìí bá parí, ẹ wá ilé míì."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nínú òjò yìí?"

"Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́," ló dá mi lóhùn. Ó gòkè lọ, ó ń họra.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló kù.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Òjò. Pẹ́ńpẹ́ ò sùn, èmi náà ò sùn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo rí nǹkan kan.

Mo ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, àwọn àfòpiná tó kú sábẹ́ gílóòbù ni mo ń gbá dànù bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ògiri, aláwọ̀ ilẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìdí rẹ̀ sì nípọn bíi pé wọ́n fi òwú wé e. Mo fi ọwọ́ lásán mú un sọnù. Kí n tó kó ilẹ̀ tán, ọrùn ọwọ́ mi ti ń yún mi, ó sì sú wínníwínní, ó pupa. Mo pe Pẹ́ńpẹ́ kó wá gbé apá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Màámi, a ti wá jọra."

Kì í ṣe kúrúnà! Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Onílé. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Àfòpiná tó ní òun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ìgbà wo ló wá ń pa èèyàn?" Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Oníkẹ́míìsì ló fetí sí mi. Ó ní ọ̀gá ilé ìwé ti wá ra oògùn ara yíyún lọ́dọ̀ òun, oníbáǹkì náà sì rà. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́, àfi kí n wá ẹni tó mọ kòkòrò dunjú tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Ó júwe ilé bàbá kan tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ kòkòrò ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Onígò ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mo tún rí òmíràn lára ògiri, ó ti kú. Mo ti kọ́gbọ́n, búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi gbé e sínú áńkáṣíìfù. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ ti ká kò, ó ti rún. Ta ni yóò gbé nǹkan rírún lọ síwájú àgbà? Mo da etí áńkáṣíìfù bò ó, mo fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ ọ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo fi í sínú àpò ìwé, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Bàbá Onígò ṣí àpò ìwé náà. Ó gbé dígí tó fi ń wo nǹkan sójú, ó gbé e kúrò, ó wò mí.

"Ìyá, kí lẹ fi ṣe?"

"Mo lọ̀ ọ́ ni, sà."

"Ẹ lọ̀ ọ́."

"Ó ti rún ni, sà."

"Ṣé ìgbéyàwó ló ń lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ojú tì mí púpọ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fi hàn mí pé ìdí kòkòrò náà, tí í ṣe ibi tó yẹ kí òun wò gan-an, ti fọ́ mọ́ áńkáṣíìfù, àti pé gbogbo lẹ́búlẹ́bú ara ìyẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Ó ní àfòpiná aláwọ̀ ilẹ̀ pọ̀ lọ jàra, òun ò sì ní fọwọ́ sí ohun tí òun ò rí. Kí n mú un wá láàyè, nínú ìgò, kí n má fọwọ́ kàn án, kó sì ju ẹyọ kan lọ. "Tó bá jẹ́ èyí tí mò ń rò, abo rẹ̀ ní irun nídìí. Tó bá ń jà mọ́ iná, irun yẹn á máa bọ́. Ojú lásán ò lè rí i. Ara ló ń mọ̀ ọ́n."

Ó fún mi ní ìgò mẹ́ta. Mo délé, iná ti lọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Iná ò dé. Kò síná, kò sí àfòpiná. Inú yàrá ni mo so aṣọ sí, gbogbo ilé ń rùn bí aṣọ tútù. Mo gbé fìtílà síta nírọ̀lẹ́, ẹ̀fọn nìkan ló wá kí mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n ní wáyà ló já lójú pópó. Ẹni tí yóò tún un ṣe, a ò rí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ara Pẹ́ńpẹ́ ń rọlẹ̀. Ojú tó wú ti sọ̀. Ìyá Onílé náà ò ha ẹ̀yìn mọ́ òpó mọ́ láti àná. Bàbá Pẹ́ńpẹ́ ní oògùn dókítà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí n jọ̀ọ́ jẹ́ ká sinmi ọ̀rọ̀ kòkòrò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé àṣìṣe ni mo ṣe, pé mo ti sọ ara mi di ẹni ẹ̀rín lójú àgbà yẹn lásán.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Iná dé lánàá nírọ̀lẹ́. Mo tan gílóòbù, mo so aṣọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù Pẹ́ńpẹ́ ni mo so sítòsí iná jù, bí mo ṣe máa ń ṣe, kó lè tètè gbẹ. Mo ní ìrètí pé kò ní pẹ́ wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ yìí ó ní kí n jẹ́ kí òun wọ̀ ọ́ wò, òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti ga sí i. Mo jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Kó tó di ọ̀sán, ara rẹ̀ ti tún sú, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lónìí ó sunkún. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo gun àga, mo fi ìgò dé wọn mọ́ ògiri. Mo mú méjì. Ẹ̀kẹta bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá Pẹ́ńpẹ́ bá mi di àga mú, ó ń kùn pé alágbàfọ̀ ni òun fẹ́, òun ò mọ ìgbà tó di ọdẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó yẹ kí n fara balẹ̀ kọ èyí.

Bàbá Onígò gbé ìgò kìíní sójú fèrèsé. Ó ṣí àpótí onígíláàsì kan tí ó fi abẹ́rẹ́ kan àfòpiná mọ́ inú rẹ̀ nílànílà. Ó wo inú ìgò, ó wo àpótí, ó tún wo inú ìgò. Ó ní, "Èyí kọ́."

Mo sún mọ́ fèrèsé.

"Èyí ò lè ṣe ọmọ ọwọ́ ní nǹkan kan. Ẹ wo ìlà méjì tó wà lára ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́."

Mo wo ìlà méjì náà. Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo ti ń ro ibi tí a ó di ẹrù gbà.

Ó mú ìkejì. Èyí pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé mo ń gbọ́ aago ara ògiri. Kò ní ìlà méjì. Àmì dúdú kan wà láàrin ìyẹ́ rẹ̀, bí ibi tí iná ta sí aṣọ. Ìdí rẹ̀ nípọn, irun aláwọ̀ oyin bò ó. Bàbá náà fi ẹ̀mú kékeré fa díẹ̀ níbẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì fi irun náà ra ara rẹ̀.

"Sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ jókòó, ìyá. Èyí niṣẹ́ tèmi."

A jókòó. Òjò ń lu páànù. Mo ń wo apá arúgbó yẹn bí ẹni ń ṣọ́ omi lórí iná. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pupa, ó sì sú wínníwínní. Bàbá náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. Ó ní, "Òun nìyí. Òun gan-an nìyí."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ara mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

Ó kọ ìwé náà. Ó kọ orúkọ kòkòrò náà gígùn tí ẹnu mi ò lè pè, ó fọwọ́ sí i, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé irun àfòpiná yìí ló ń yún ọmọ náà, kì í ṣe àrùn, kò sì lè ràn láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó bi mí, láìgbójú sókè, "Ẹ ní ó ń yún ọ̀gá ilé ìwé náà. Ṣé ó máa ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni?"

"Rárá, sà. Ó jìnnà."

"Hẹn-ẹn." Ó padà sídìí àwọn ìgò rẹ̀.

Mo ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí ìbéèrè náà tó wọ̀ mí lára.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo ṣí ìwé aṣọ mi, èyí tí mo ń kọ aṣọ oníbàárà sí. Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ pé ara ń yún. Ọ̀gá ilé ìwé, bùláòsì. Oníbáǹkì, ṣẹ́ẹ̀tì. Ìyá Onílé, aṣọ ìbora. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbẹ gbogbo wọn, lábẹ́ gílóòbù. Nọ́ọ̀sì tó máa ń gba aṣọ tirẹ̀ ní tútù lọ sá sílé, ara rẹ̀ dá ṣáká. Bàbá Pẹ́ńpẹ́ tó ti fi ẹ̀wù kan ṣoṣo jókòó láti oṣù kan, tí kò jẹ́ kí n so ó síbẹ̀, ara tirẹ̀ náà dá ṣáká.

Kì í ṣe ọmọ mi ló kó o ràn wọ́n. Èmi ni. Mo ra gílóòbù, mo fi pe àfòpiná, mo so aṣọ wọn sábẹ́ rẹ̀, mo lọ irun náà mọ́ aṣọ, mo ká a dáadáa, mo gbé e fún wọn, wọ́n sì sanwó. Aṣọ ta sì ni mo ń so sítòsí iná jù? Ti ọmọ mi. Ó dùn mí dé eegun. Mo yọ gílóòbù náà, mo tún gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ fọ̀ látòkè délẹ̀, mo sì so wọ́n sínú yàrá.

Bàbá Pẹ́ńpẹ́ ka ìwé Bàbá Onígò lẹ́ẹ̀mejì. "Ìwé yìí ti gbà wá," ló wí. "Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, Ìyá Pẹ́ńpẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́, ta ló máa tún gbé aṣọ wá? Kí la máa jẹ?"

Mo wo ìkòkò. Mo gbà fún un.

Ẹtì, ogúnjọ́

Ọ̀gá ilé ìwé ka ìwé náà, ó ká a. Ó ní òun gbà, kí ọmọ náà padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí n tó dúpẹ́ tán, ó ní òun yóò gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn kíláàsì, lọ́tọ̀.

"Ìwé yín ní kì í ràn. Ó dáa. Èmi ò dé ilé yín rí, mi ò sì rí àfòpiná kankan. Níbo ni mo ti wá kó tèmi? Àbí kì í ṣe ọmọ yín ni mo fọwọ́ kàn?"

Ó ń họ ọrùn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Abẹ́ kọ́là tí èmi fúnra mi lọ̀ ló ń tọwọ́ bọ̀.

Mo mọ ìdáhùn. Ó ti dé ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà," mo sì jáde. Mo kórìíra ara mi láti ẹnu géètì yẹn títí dé ilé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọṣẹ tún gbówó lórí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí.

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Pẹ́ńpẹ́ ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní, "Màámi, tí kì í bá ṣe pé ara mi ò dáa, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ kí n dá jókòó?"

Mo wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ. Ohun tó o bá rí pé ó yẹ ni kó o ṣe."

Mo ní, "Aṣọ tí kò bá rí oòrùn, rírùn ló máa rùn. Ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo gbé ìwé aṣọ mi sórí tábìlì ọ̀gá. Mo fìka tọ ọjọ́ fún un, bùláòsì mẹ́rin, síkẹ́ẹ̀tì méjì. Mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, òjò, gílóòbù, okùn, irun.

Ó ṣí bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó fa kọ́là náà jìnnà sí ara. "Láti oṣù tó kọjá! Mò ń sanwó fún yín kí ara lè máa yún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Kí ló wá dé tí ẹ wá sọ? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Torí ọmọ mi ni, mà. Ẹ pè é jáde lórí ìlà, ẹ ní ìdọ̀tí ni. Ara ọmọ mi mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kò mọ́. Bí ẹ ṣe sọ tọjọ́sí lójú gbogbo wọn, ẹ bá mi sọ èyí náà lójú gbogbo wọn."

Ó ní kí n kó gbogbo aṣọ òun tó kù lọ́dọ̀ mi wá lọ́la. Lórí ìyókù, kò fèsì.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá Onílé lọ tààrà. Ó bú mi títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó sinmi, ó ní a lè máa gbé ilé òun, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ mi má kan aṣọ òun mọ́ láyé. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Mo sọkún ní àtẹ̀gùn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ru apẹ̀rẹ̀ aṣọ ọ̀gá lórí, mo dúró lẹ́bàá ọgbà ilé ìwé. Wọ́n kọrin tán, wọ́n gbàdúrà tán. Ó pe Pẹ́ńpẹ́ jáde. Ọmọ náà rìn bọ̀ síwájú, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Mo sọ̀rọ̀ kan nípa ọmọ yìí lọ́jọ́sí. Mo ṣì í sọ. Ara rẹ̀ mọ́. Irun kòkòrò ló bà sára aṣọ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, èmi náà sì wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Kì í ràn. Kó lọ jókòó sáyè rẹ̀."

Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́, ó sì pariwo tó. Àwọn tíṣà yíjú sí apẹ̀rẹ̀ orí mi. Mo dúró, mo jẹ́ kí wọ́n wò mí.

Oníbáǹkì ti wá kó aṣọ rẹ̀ nígbà tí mo délé. Àwọn mẹ́rin mìíràn wá kí ọjọ́ tó rọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Oòrùn yọ fún wákàtí méjì. Aṣọ mẹ́ta péré ni mo ní láti sá, ti nọ́ọ̀sì; ó ní kí n máa bá òun sá tirẹ̀ báyìí. Bàbá Pẹ́ńpẹ́ ti lọ wá iṣẹ́ kiri, kò tíì dé. Ẹ̀rù oṣù tó ń bọ̀ ń bà mí, mi ò ní purọ́.

Pẹ́ńpẹ́ ti ilé ìwé dé, ara rẹ̀ ń dán. Ó bọ́ bàtà, ó ní àwọn ọmọ kan ń sọ pé ìyá òun ló ń fi kòkòrò sínú aṣọ àwọn èèyàn. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló fi dá wọn lóhùn.

Ó ní, "Mo ní, ta ló sọ fún yín? Ṣebí ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́."